Káàdì Bàlíkísù

Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà, ọdún 2024. Òjò wíníwíní ti ń rọ̀ láti ìdájí. Kò le tó ohun tí ènìyàn ń sá fún, kò sì dá. Ọdún Iléyá ku ọjọ́ méjì. Àgbò ń ké káàkiri Èbúté Mẹ́ta, Àkàngbé sì jókòó nínú yàrá kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ háyà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ń ka orúkọ mẹ́rin ní ẹ̀ẹ̀kẹta, kí ó má baà ṣì wọ́n kọ.

Òun ni akọ̀wé Ẹgbẹ́ Alákòóso Gọ́ọ̀fù Ẹkùn. Ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé nídìí rẹ̀, láti ìgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Àwọn tí ń gbá gọ́ọ̀fù láìgbowó ni ẹgbẹ́ náà wà fún: oníṣòwò, tíṣà, àwọn ọmọ tí ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá. Ẹgbẹ́ ló ń ṣètò ìdíje wọn, òun ló ń dáàbò bo òfin, òun náà ló sì ń yan àwọn tí yóò ṣojú ẹkùn níbi ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè. Bí nǹkan bá ń lọ déédéé, ẹnikẹ́ni kì í rántí pé ẹgbẹ́ wà. Bí ó bá wọ́ tán, Àkàngbé ni wọ́n ń pè.

Obìnrin mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ fi orúkọ wọn ránṣẹ́. Kò gbọ́dọ̀ kọjá agogo mẹ́rin ọjọ́ náà. Bàlíkísù, tí ó ṣe ipò kejì, wà lára wọn. Ọdún kẹta rẹ̀ rèé tí ó ti ń lépa àyè yìí. Ní ọdún àkọ́kọ́, ìgbá kan péré, ìyẹn gbígbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan, ló fi pàdánù. Ní ọdún kejì, ibà dá a dùbúlẹ̀.

Agogo méjì kò tíì lù nígbà tí Bàlíkísù fúnra rẹ̀ wọlé, tí Jennifer ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé e, tí aṣọ àwọn méjèèjì sì tutù. Bàlíkísù kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ káàsán o," ni Àkàngbé wí. "Ṣé kì í ṣe ìdí àgbò ló yẹ kí ẹ wà?"

"Ẹ bá mi bi í, sà," ni Jennifer dáhùn. "Mo ní kó jókòó sílé, kó máa dúró de ẹran ọdún. Kò gbọ́. Orí kunkun ẹ̀ ju ti àgbò lọ."

Bàlíkísù gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì. Fídíò ihò kẹsàn-án ni, èyí tí Jennifer yà níbi ìdíje tí wọ́n fi yan àwọn mẹ́rin. Bọ́ọ̀lù Bàlíkísù ti kó sínú kòtò iyanrìn. Ó gbá a. Bọ́ọ̀lù gun bèbè díẹ̀, ó sì yí padà wá sẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó tún un gbá, ó sì jáde.

"Ìgbá mẹ́rin ni mo pè fún Jennifer, sà. Mẹ́rin ló kọ, mẹ́rin ni mo fọwọ́ sí. Márùn-ún ni. Inú ń bí mi lọ́jọ́ náà, mi ò ka èyí tó yí padà."

"Èmi náà ò kà á," ni Jennifer wí. "Bí fídíò ṣe máa dára ni mò ń wò. Mo wá fi ránṣẹ́ sí i pé kó fi yangàn. Ẹ ò rí ìyangàn."

Nínú gọ́ọ̀fù, ẹni tí ìgbá rẹ̀ bá kéré jù ló ń borí, ènìyàn kì í sì í kọ káàdì ara rẹ̀, ìwé tí iye ìgbá ń wà. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbá ló ń bá a kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ló ń fọwọ́ sí iye ihò kọ̀ọ̀kan. Àròpọ̀ nìkan ni tẹgbẹ́, Àkàngbé sì ti ro tirẹ̀ pé.

"Ẹ kàn fi ẹyọ kan kún un, sà," ni Jennifer wí. "Ìgbá mẹ́fà ló fi dáa ju Adùnọlá tó ṣe ipò karùn-ún. Márùn-ún ṣì máa kù."

Òótọ́ ni, òótọ́ náà gan-an ló sì rẹ Àkàngbé. Ká ní Bàlíkísù ti kọ márùn-ún lọ́jọ́ náà, àyè rẹ̀ kì bá mì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọwọ́ sí iye tó dín sí èyí tó gbá, wọn kì í tún káàdì rẹ̀ ṣe; wọ́n ń yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje pátápátá ni, bí ìdíje tilẹ̀ ti parí. Ó ṣí ìwé òfin, ó kà á, ó tún un kà, ó ń wá ibi tí òun ti lè ṣàṣìṣe. Nígbà tí kò rí i, ó pe alága.

Ẹ̀gbọ́n Morákinyọ̀, alága náà, ti Ìjọra wá, ó dé ní agogo mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó wo fídíò náà, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ta ló tún rí i?"

"Ẹni tó gbá a, sà," ni Àkàngbé dáhùn.

Alága fa ìwé òfin mọ́ra. "Ibí yìí ńkọ́? Wọ́n ní bó bá jẹ́ ìgbá ìyà, èyí tí wọ́n ń fi kún un fún ẹni tó rú òfin, ló gbàgbé, tí kò sì mọ̀ pé ìyà wà níbẹ̀, a ò ní yọ ọ́. Kọ ọ́ pé ìyà ni."

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ìyà. Igi gọ́ọ̀fù ọwọ́ rẹ̀ ló fi gbá bọ́ọ̀lù."

"Mo mọ̀. Mo ní kí o kọ ọ́ ni. Àwọn tá a fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ò ní bèèrè."

Àkàngbé wo bírò ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Kò lè gba ìlà kan tán.

"Bí mo bá kọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ọmọ yìí rin òjò wá sọ, àwa la máa sọ ọ́ di irọ́."

Alága jókòó. Ó ti ìwé òfin padà síwájú Àkàngbé.

"Kọ orúkọ Adùnọlá," ni ó wí níkẹyìn.

Àkàngbé fa ìlà kan ṣoṣo sí orúkọ Bàlíkísù, kí ó ṣì ṣeé kà.

"Ṣé mo ṣì lè wá lọ́dún tó ń bọ̀, sà?" ni Bàlíkísù bèèrè.

"Kò sí ohun tó dí ọ lọ́wọ́."

"Yóò pé ọdún mẹ́rin nìyẹn," ni Jennifer wí. "Ó yẹ kí wọ́n fún ẹ ní dìgírì."

Bàlíkísù gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ó sì mú fóònù rẹ̀ lórí tábìlì.

Agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni wọ́n fi orúkọ ránṣẹ́. Àwọn tó wà nínú yàrá nígbà náà ni Morákinyọ̀ alága, Àkàngbé akọ̀wé, Bàlíkísù àti Jennifer. Adùnọlá kò sí níbẹ̀. Orí fóònù ni wọ́n ti sọ fún un. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ yòókù ti lọ sílé ọdún.