Ìwé Tó Ń Yí Ìlú Mẹ́ta Ká

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ìjì ló pa Ọládélé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ panu mọ́. Ìjì ti ń jà ní Òkukù kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀. Èmi Oyèkọ́lá ni mo mọ ohun tó pa á, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́.

Ọdún 1991 ni wọ́n ri ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mẹ́ta mọ́lẹ̀ fún wa, ọ̀kan ní Ìkìrun, ọ̀kan ní Ìníṣà, ọ̀kan ní Òkukù. Òpó irin gíga ni, fáànù ńlá wà lórí rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ti ń yí fáànù, omi á máa tú jáde nísàlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni àwọn tó gbé e wá lò. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń fa wáyà tó ń dá fáànù dúró, ó tán, ó dìgbóṣe. Ta la ó wá bi nígbà tó bá bàjẹ́? Ara wa náà ni.

Ọládélé ló mú àbá ìwé wá. Òun ló ń tọ́jú ti Òkukù, èmi ni mo ń tọ́jú ti Ìkìrun, Àǹtí Dúródọlá, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ló ń tọ́jú ti Ìníṣà. Ọládélé ra ìwé ẹlẹ́yìn líle kan. Ẹni tí ìwé bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ á kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́dọ̀ ẹ̀rọ tirẹ̀, á sì fi rán onímọ́tò sí ẹni tó kàn: láti Ìkìrun sí Òkukù, láti Òkukù sí Ìníṣà, kó tún padà sọ́dọ̀ mi. Ọládélé a máa ní, "Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí wọ́n pe àgbà ní wèrè."

Ohun tó kọ́kọ́ kọ síbẹ̀ rèé, mo ṣì mọ̀ ọ́n lórí: "Òkukù. Ẹ̀rọ mi há. Mi ò fi gírísì sí i fún oṣù mẹ́ta. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ má ṣe bíi tèmi."

Ọjọ́ tí mo kà á ni mo gun tèmi, gírísì rẹ̀ ti gbẹ táútáú. Ìwé yẹn ló yọ mí. Àmọ́ kí ni èmi aláìmoore ṣe? Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ibùdókọ̀ Ìkìrun, mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. "Àwọn ará Òkukù ń fi òróró para, ẹ̀rọ wọn gbẹ bíi panla!" A rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀rọ̀ náà dé Òkukù, àwọn obìnrin tó ń pọnmi ń fi pe Ọládélé. Kò bínú. Ó ní, "Bọ̀dá Oyè, ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ ṣáà máa fi gírísì sí i."

Ní oṣù kẹta ọdún 1993, mo gun ẹ̀rọ mi láti lọ di nọ́ọ̀tì kan, mo bá fọwọ́ kan wáyà ìdádúró níbi tó ti wọ inú páìpù lókè. Yéè! Ẹnu páìpù ti gé e jẹ, ó ku fọ́nrán irin méjì péré nínú rẹ̀. Láti ìsàlẹ̀, wáyà ń dán bíi tuntun, kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Ká ní ìjì dé, tí mo fà á, á já, fáànù á sì máa sáré bíi wèrè títí yóò fi wó òpó. Mo pààrọ̀ wáyà, mo sọ̀ kalẹ̀.

Ìwé dé ọwọ́ mi lọ́sẹ̀ náà. Mo mú bíírò, mo wá ń rò ó. Bí mo bá kọ ọ́, Òkukù á gbọ́, wọ́n á sì dá yẹ̀yẹ́ mi padà fún mi lójú gbogbo ayé. Mo kọ ọ́ báyìí: "Ìkìrun. Àlàáfíà ni." Mo fi rán onímọ́tò. Ìgbéraga lásán-làsàn! Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ọjọ́ Ajé ni ìwé dé Òkukù. Ní Ọjọ́rú, ọ̀sán gangan, ìjì àkọ́rọ̀ òjò dé. Ọládélé fa wáyà, wáyà já. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, òpó ń mì, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ wà nínú kíláàsì. Ó mú okùn, ó gun òkè lọ láti so ìrù fáànù, irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ tí wáyà ń fà, mọ́ òpó. Ó so ó o. Fáànù dúró. Àmọ́ irin ti gbá a lórí, ó sì já bọ́ láti òkè. Wọn ò tíì gbé e dé Òṣogbo tó fi dákẹ́.

Mo lọ kí Adéjọkẹ́, ìyàwó rẹ̀, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo ní ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ó wọlé, ó mú ìwé náà jáde.

"Bọ̀dá Oyè, mi ò mọ̀wé. Ọjọ́ tí èyí dé, ó ti fẹ́ gun ẹ̀rọ lọ wò ó kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ó kà á, ó ní Ìkìrun ò rí nǹkan kan, kí òun fi di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, orúnkún ń dun òun. Ẹ bá mi kà á. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tó kà."

Mo kà á. Mo kúnlẹ̀, àgbàlagbà bíi tèmi. "Irọ́ ni mo kọ. Wáyà tèmi náà ti jẹ. Mo rí i, mo bò ó."

Kò sunkún. Ó béèrè pé, "Ti Ìníṣà ńkọ́?"

Olúwa ò! Mi ò tilẹ̀ rò ó débẹ̀. Níta, ojú ọjọ́ ti ń ṣú.

"Ẹ kọ ọ́ níbí, lójú mi," ó ní. Mo kọ pé wáyà jẹ lẹ́nu páìpù, pé mo rí i, mi ò sọ, Ọládélé kú. Mo kà á fún un. Ó ní, "Ẹ fi 'ẹ̀bi mi ni' sí i. Bó ṣe máa ń kọ tirẹ̀ nìyẹn." Mo fi sí i.

Ọ̀kadà ló gbé mi dé Ìníṣà. Àǹtí Dúródọlá ti di wáyà mú, atẹ́gùn ti ń fẹ́. Mo kígbe kó fi sílẹ̀, kó má bàa já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ka ìwé lórí ìdúró, ó lé gbogbo èèyàn kúrò nídìí òpó, a sì ń wo fáànù títí atẹ́gùn fi rọlẹ̀. Ọlọ́run yọ wá, ìjì náà kò le.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì a jọ gun òpó. Fọ́nrán kan ṣoṣo ló kù nínú wáyà. Àǹtí fọwọ́ kàn án, a sì sọ̀ kalẹ̀. Ó nu gírísì ọwọ́ rẹ̀, ó gbé ìwé fún mi.

"Bọ̀dá Oyè," ó ní, "Òkukù ni ìwé yìí kọ́kọ́ dé. Ká ní ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ dé ni, èmi ni ẹ̀ bá ti sin."