Bọ́tìnnì Tí Ìlérí Gbé Lọ Sókè

Ìlérí mọṣẹ́, kò sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Òun ló ṣe áàpù tí àwọn òṣìṣẹ́ Alhaji Sàlàhúdíìnì, oníṣòwò àdìrẹ ní Òkè-Ìléwó, fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tó tún ojú áàpù náà ṣe lọ́jọ́ Ajé, ìyìn ló ń retí.

Èébú àwọn òṣìṣẹ́ ló gbà. “Ta ló ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án?” “Mi ò rí nǹkan kan mọ́ o!” Àmọ́ kó tó dọjọ́ kejì, ó ti mọ́ àwọn ará ọ́fíìsì lára. Àwọn aláró tó wà lágbàlá Ìbarà nìkan ni kò fọhùn. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni, wọn ò sọ iye aṣọ tó gbẹ.

Lọ́jọ́bọ̀, Alhaji pè é. “Ìlérí, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà làgbàlá ti tọrọ ìsinmi lórí áàpù yìí! O ti lé àwọn ìyá mi lọ. Tí mi ò bá gbóhùn wọn kílẹ̀ òní tó ṣú, wá iṣẹ́ lọ síbòmíràn.”

Ìlérí fẹ́ràn iṣẹ́ náà, kò fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ òun. Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. “Wọn ò tíì mọ̀ ọ́n lò ni, sà. Màá lọ kọ́ wọn.” Ẹ gbà mí! Ó fẹ́ lọ kọ́ àwọn tó ti ń rẹ aṣọ kí wọ́n tó bí i.

Ó bá Alhaja Ràhámátù, olórí aláró, nídìí ìkòkò. Ó kúnlẹ̀. “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà.”

“Òo, káàbọ̀, ọmọ wa. Áàpù ẹ rẹwà. Ràn mí lọ́wọ́, bá mi fún aṣọ yìí.”

Ìlérí kiwọ́ bọ aró, ó fún aṣọ títí ọwọ́ rẹ̀ fi dúdú kirikiri.

“Ó yá, sọ fún Alhaji pé aṣọ ti jáde.”

Ìlérí wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo fóònù àgbàlá tí wọ́n fi ọ̀rá wé, tí wọ́n gbé kọ́ sára òpó. Nísàlẹ̀, níbi tí bọ́tìnnì ohùn ńlá wà tẹ́lẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ àwọn ìyá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ọ̀rá náà tán. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ tiẹ̀ wá bọ́tìnnì kékeré tó gbé lọ sókè, ó ṣì í tẹ̀, ti ìsinmi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló kàn. Fóònù dáhùn pé: *A ti tọrọ ìsinmi.*

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. “Ìkeje nìyẹn!” ni Alhaja wí. “Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.”

Ojú ti Ìlérí. “Mi ò wá wo ọwọ́ yín kí n tó ṣe é, mà. Ẹ máà bínú.” Ó fọwọ́, ó jókòó lórí àpótí, ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kí wọ́n tó pèrun Aláásárì, bọ́tìnnì ti padà sísàlẹ̀, ó tilẹ̀ tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Alhaja fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. “Alhaji, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Ogójì aṣọ ti gbẹ. Ẹ fagi lé ìsinmi mẹ́fà àkọ́kọ́, a ò lọ síbì kan. Ìkeje, Ìlérí ló tọrọ ẹ̀.”

Ohùn Alhaji wọlé kíá, ẹ̀rín wà nínú ẹ̀. “Mo fún un. Ọjọ́ kan. Kó lò ó nídìí ìkòkò yẹn.”

Inú Ìlérí dùn ṣìnkìn. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó nawọ́ gba aṣọ tó kàn.