Ọ̀rá Orí Omi Ọyàn

Ìyá àgbà ló ń fi ṣíbí kó ọ̀rá orí omi ọyàn dànù, ìdí nìyẹn tí ọmọ ọmọ rẹ̀ kò fi tẹ̀wọ̀n.

Kò ní ibi lọ́kàn. Oṣù ọmọ náà kò pé tí wọ́n fi bí i, ó rí bí ẹyẹ tí kò tíì hu ìyẹ́, inú àpótí olóoru ló wà nílé ìwòsàn. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí ìyá rẹ̀, ìyẹn kò sì lè rìn jìnnà. Ilé ló ti ń fún omi ọyàn sínú ìgò, á kán òróró tí dókítà fún un sí i kí ọmọ lè lọ́ràá lára, á gbé e sí fíríìjì. Láàárọ̀, ìyá àgbà á gbé e lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ẹ̀yìn ń ro ó, ó ń lọ.

Ṣùgbọ́n ó máa ń rí nǹkan pupa rúsúrúsú tó dì sójú omi náà. Ó ní ó ti fẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Ti òróró, ó rò pé ó ti yọ́ bí iyọ̀. Á bu gbogbo rẹ̀ dànù kó tó jáde.

“Ọ̀gá Kékeré,” nọ́ọ̀sì á wí fún ọmọ náà nídìí òṣùwọ̀n, “ibo lò ń kó oúnjẹ sí?”

Dókítà fi kún òróró. Ìyá àgbà náà fi kún bíbù.

Lọ́jọ́ kan ó pẹ́ jí. Ó mú ṣíbí dání, ó di ilé ìwòsàn kó tó bù ú.

“Màmá, kí lẹ̀ ń dà nù yẹn?” nọ́ọ̀sì bi í.

“Ìdọ̀tí ni. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò lójú àtirí i.”

Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. “Màmá, ẹ ti ń ṣa ẹran dànù, omi ọbẹ̀ lẹ̀ ń gbé fún un. Ọ̀rá àti òróró tó yẹ kó fi sanra nìyẹn. Ẹ kàn gbọn ìgò ni!”

Ó délé, ó sọ ọ́ fọ́mọ rẹ̀.

“Ẹ ò bi mí, Màmá?”

“Mi ò bi ẹ́.”

Ọmọbìnrin náà kò pariwo. Ó rẹ̀ ẹ́ ju ariwo lọ.

Ọmọ tẹ̀wọ̀n, wọ́n gbé e wálé. Ìyá rẹ̀ ń jẹ́ kí ìyá àgbà wẹ̀ ẹ́, ó ń jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́ sùn. Ṣùgbọ́n tó bá kan oúnjẹ, á dìde tòun ti ojú iṣẹ́ abẹ tó ń dùn ún, á gba ìgò lọ́wọ́ ìyá àgbà.