Wáyà Alárinà

Látìgbà tí ilé-iṣẹ́ aláṣọ kan ní Òkè-Ìlèwó ti ní tẹlifóònù ni gbogbo ìpè ti ń gba ọwọ́ Ojúọlá kọjá. Kò sí ọ̀gá tó lè bá Èkó sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ pé, "Ìyá Dìran, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá láìnì." Ẹ̀bẹ̀ yẹn máa ń dùn mọ́ ọn. Àfi bí ẹ̀rọ tuntun ṣe dé ní 1984, tí Harriet, ọmọge Èkó tí wọ́n gbà láti máa lò ó, sì tẹ̀ lé e.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò máa pín ìpè fún gbogbo tẹlifóònù ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ yàrá tí ìpè yóò máa gbà jáde. Wáyà méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan láti yàrá Ojúọlá, ọ̀kan láti yàrá Harriet, àwọ̀ kan náà. Harriet ló kì wọ́n bọ ihò. Èyí tó bá wà nínú ihò òkè ni alárinà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ tan ẹ̀rọ náà, Harriet kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ojúọlá. "Ẹ káàárọ̀, mà."

Ojúọlá ń to ìwé bí ẹni tí kò gbọ́. Àgbà tí kò jẹ́ kíkí, ta ni yóò bá a sọ̀rọ̀? Ọmọ náà dìde, ó lọ. Owú ń jẹ Ojúọlá bí iná inú èédú. Wọ́n ní bí ọmọge bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀ba. Òun kọ́ ni yóò yẹ̀ba fún ọmọ àná.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ jẹun ọ̀sán, ó yọ wáyà méjèèjì, ó sì pààrọ̀ ihò wọn. Ó dá a lójú pé tara rẹ̀ ni Harriet fi sókè. Ta ni yóò se ọbẹ̀ tán tí yóò kọ́kọ́ bu ti ẹlòmíràn?

Theophilus, ẹnjiníà tó wá to ẹ̀rọ náà, padà dé, ó tẹ bọ́tìnnì. Ojúọlá tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó jókòó, ó ń retí.

Tẹlifóònù dún ní yàrá Harriet. Ó tún dún, níbẹ̀ náà ni.

Harriet sáré wọlé, ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Yàrá yín ni mo fi sókè, torí àgbà ni yín. Ohun tí mo fẹ́ sọ láàárọ̀ nìyẹn. N ò mọ ẹni tó yí i padà."

Ọ̀gá yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀. Ó tiẹ̀ yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Ọ̀rọ̀ kan péré ni Ojúọlá ì bá sọ tí Theophilus yóò fi dá wáyà náà padà. Ìtìjú kò jẹ́ kó lè sọ ọ́. Ó wo ọmọ tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Káàárọ̀, ọmọ mi," ló wí. Ọ̀sán sì ti pọ́n.