Ibi Tí Abọ́ Náà Kọjú Sí

Ọkọ mi, Shagdar, kì í béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ibikíbi tí a bá da ẹran lọ, bí a bá ti ta àgọ́ tán, á gbé abọ́ tẹlifíṣọ̀n kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Gúúsù ni ilẹ̀kùn wa máa ń kọjú sí láti ayé àwọn baba ńlá wa, apá ibẹ̀ náà sì ni àwòrán ti ń wá, nítorí náà, ilẹ̀kùn ló fi ń wọn abọ́. Á yí i sọ́wọ́ òsì díẹ̀, àwòrán á yọ.

Lọ́jọ́ ìjàkadì ńlá ti olú ìlú, kò yọ. Wáyà ti wà lẹ́yìn dikódà, dikódà ti wà lára bátìrì, iná rẹ̀ tàn, àmọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n ṣú dùdù. Shagdar wà níta, ó ń ti abọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń bú wáyà.

Èmi ni àyà ń já. Damdin, àbíkẹ́yìn mi, wà lára àwọn tó ń jà. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé e ṣánlẹ̀, ọrùn rẹ̀ yẹ̀, ó pẹ́ kó tó lè bojú wẹ̀yìn. Ó ní ara òun ti yá. Ọmọ tó fẹ́ jà, kí ni kò ní sọ? Fóònù ò sì ṣiṣẹ́ ní àfonífojì wa. Ojú lọ̀rọ̀ wà; mo fẹ́ fojú ara mi rí i.

Mo ní kó pààrọ̀ wáyà. Ó ní òun ti pààrọ̀ rẹ̀. Mo ní bóyá abọ́ ò kọjú síbi tó yẹ. Ó fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ilẹ̀kùn ló ń parọ́ ni.

Inú bí mi, mo wọlé lọ se tíì. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìkòkò, oòrùn sì ta sí mi lọ́wọ́. Ihò òkè àgọ́ ni oòrùn ń gbà wọlé, òun la sì fi ń mọ àkókò. Lọ́sàn-án gangan báyìí, ọ̀kánkán àpótí tó dojú kọ ilẹ̀kùn ló yẹ kó wà. Kí ló wá dé ìdí ìkòkò mi? Mo bá rántí pé inú ìjì la ta àgọ́ yìí, tí kálukú ń sáré kẹ́yìn sí afẹ́fẹ́.

"Bàbá Damdin," mo ké sí i, "ilẹ̀kùn yín ń parọ́ o. Ìlà oòrùn ló ń wò."

"Ilẹ̀kùn tí èmi fọwọ́ ara mi gbé?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹ wọlé wá wo ibi tí oòrùn jókòó sí."

Ó wọlé, ó wo ìkòkò, ó wo àpótí. Ó padà síta, ó ń yí abọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún díẹ̀díẹ̀. Èmi ń wo ìlà kékeré tó ń fi hàn bí abọ́ ṣe ń gba àmì sí, bó ṣe ń gùn lójú tẹlifíṣọ̀n, mo sì ń darí rẹ̀, títí mo fi ní kó dúró, kó má tilẹ̀ mí.

Àwòrán yọ. Damdin ti wà lórí pápá, ọkùnrin gìrìwò kan ti dì í mú. Shagdar sáré wọlé. Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi dá a.

Mi ò mí. Damdin dìde fúnra rẹ̀. Ó tú okùn ẹ̀wù ìjà rẹ̀, ó tẹ ọrùn ba, ó sì gba abẹ́ apá ẹni tó dá a kọjá, bí ẹni tó ṣubú ti gbọ́dọ̀ ṣe. Ó gbé ọrùn náà sókè wẹ́rẹ́, ó yí i, ó wo àwọn èrò ẹ̀yìn.

Shagdar káwọ́ lérí. "Wọ́n dá ọmọ rẹ, o ń rẹ́rìn-ín?"

"Ṣé ẹ ò rí ọrùn rẹ̀ ni?"

Ó tún wò ó, ó sì jókòó. Ara tù mí pẹ̀sẹ̀. Mo bu wàrà, mo jáde, mo wọ́n ọn sójú ọ̀run fún Damdin, bí a ti máa ń wúre. Mo tún wọ́n òmíràn fún ẹni tó dá a, nítorí ó rọra gbé e kalẹ̀.