Òkúta Inú Ẹ̀wà

Mùlíkàt yí agolo mílíìkì dojú dé, òkúta wẹ́wẹ́ sì tú sórí tábìlì, wọ́n ń dún bí òjò lórí páànù.

"Sà, àdàlù tèmi rèé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù la ti ń ṣà á nínú ẹ̀wà Màmá."

"Kai, eyín mi kan wà níbẹ̀," Yàhàyá sọ láti ẹ̀yìn. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Fẹ̀yìntọlá ni Màmá ọ̀hún. Ọdún 1987 nìyẹn, ọdún kẹfà tó ti ń dáná fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama kan nítòsí Kuje. Tíṣà Bùsàrí tó ń kọ́ wọn ní kẹ́mísírì ló ránṣẹ́ pè é, pé kó wá fi bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ ya ohun tó dàpọ̀ hàn wọ́n, kí òun tó bọ́ sórí sísẹ́ àti fífi iná gbẹ omi lára iyọ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pààrọ̀ ìró. Ó wá dúró tòun ti àtẹ ẹ̀wà lọ́wọ́, ara rẹ̀ bù máṣọ.

"Ó tó," Tíṣà wí. Ó mú òkúta mẹ́ta, ó dà wọ́n sórí àtẹ. "Màmá, ẹ ṣà á kí wọ́n rí i. Ẹ̀yin lọ̀gá wọn nídìí ẹ̀."

Ó fẹ́ gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀sín ni. Kò mọ̀ pé láti ọdún tó kọjá ni ojú ìyá náà ti ń ṣe bàìbàì. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìyá náà kò jẹ́ sọ ọ́, nítorí ó rí bí ọ̀gá àgbà ṣe ní kí ọlọ́dẹ máa lọ sílé lọ́jọ́ tí ojú tirẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́.

Ó jókòó, ó gbé àtẹ lé itan. Ìka tí ìkòkò gbígbóná ti sọ di yíyi ń wá kiri. Ó mú ọ̀kan, ó jù ú sórí tábìlì. Ó mú èkejì. Ó pẹ́ kó tó mú ẹ̀kẹta.

"Ó pé," ó wí, ó sì gbójú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹ̀wà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jù sáàárín òkúta orí tábìlì.

Mùlíkàt wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rọra ṣa àwọn òkúta náà kúrò lórí àtẹ. "Ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é, Màmá."

Ohùn tí wọ́n fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ni.

"Màmá," Tíṣà wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "láti ìgbà wo?"

Ìyá náà ti rò pé òun nìkan ló ń dá ẹrù àṣírí náà rù. Àṣé àwọn ọmọ yìí ti ń jẹ ẹ́ nínú ẹ̀wà láràárọ̀.