Nítorí Orúkọ Alhaja Nínú Sẹ́fà

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú díẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń bí mi débi pé bí ẹ bá gbé ìkòkò omi lé mi lórí, á hó, ẹ ó sì fi tẹ ẹ̀bà tí gbogbo Kuto máa jẹ yó, tí wọ́n á tún bù ṣẹ́kù.

Ọ̀dọ̀ Alhaja Ṣùkúrátù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìtòkú, níbi tí a ti ń ta àdìrẹ ránṣẹ́ sí ìlú òkèèrè. Èmi Ọláìtán ni mò ń tọ́jú gbogbo ohun tó bá ti ń lo iná níbẹ̀: fáànù, jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, títí kan àwọn kọ̀ǹpútà. N kò kàwé dé ibi tí wọ́n ti ń dé fìlà onígun mẹ́rin, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá ń ṣàìsàn, mo mọ ibi tí mo ti ń gbá a létí.

Sẹ́fà kan wà ní yàrá ẹ̀yìn, kọ̀ǹpútà àgbà tí gbogbo iṣẹ́ wa wà nínú rẹ̀. Alhaji Jùbrílù, ọkọ Alhaja, ló rà á kó tó kú. Ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé lójú tèmi, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dé ìlú yìí, ńṣe ni wọ́n bá a níbẹ̀ tó ń kùn. Sẹ́fà yìí ni baálé. Kọ̀ǹpútà tó bá fẹ́ bá wa ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ wọ agbo ilé rẹ̀, èyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè ní dòméènì. Yóò sọ orúkọ ara rẹ̀, baálé á kọ orúkọ náà sílẹ̀, á wá ṣílẹ̀kùn fún un. Èyí tí kò bá wọlé kò ní rí àwòrán àdìrẹ kankan, kò ní tẹ bébà kankan jáde. Tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n gé iná rẹ̀ sàn jù ú lọ.

Alhaji fúnra rẹ̀ ló kọ orúkọ kọ̀ǹpútà ìyàwó rẹ̀ sínú sẹ́fà. Ó pè é ní Ṣùkúrátù.

Ìgbà tó yá, Alhaja ra kọ̀ǹpútà tuntun. Ó fẹ́lẹ́ débi pé bí atẹ́gùn bá gbéra láti Òṣíẹ̀lẹ̀, ẹ ní láti fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì. Ó gbé ti àtijọ́ fún Lubabah, ọmọbìnrin tó ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ní kí n mú tuntun wọ sẹ́fà, orúkọ òun ni kí n fún un. Mo ní kò sí wàhálà. Mo ṣáà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn kì í bèèrè ọ̀rọ̀. Ẹ fún un lórúkọ tó ti wà nílẹ̀, á gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹ́ ẹ, á wọlé, á jókòó.

Èyí kọ̀. Ó kọ ọ́ sójú gbàgàdà pé ẹnìkan ti ń jẹ́ Ṣùkúrátù nínú agbo ilé yìí, àti pé ètò ààbò kò gbà kí òun gba orúkọ tí wọ́n ti fi sọ ẹlòmíràn. Ẹ gbọ́ ná. Kọ̀ǹpútà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú páálí, tí ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀, ló ń kọ́ èmi bàbá ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ ilé. Mo pa á, mo tàn án. Mo yọ wáyà, mo fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo bú ẹni tó ṣe é. Kò yí ohùn padà.

Alhaja ní eré mi ni mò ń ṣe. Torí pé mo fẹ́ràn àwàdà, kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nílé yìí tí kì í ṣe èmi ni. Bí òjò bá rọ̀ nígbà ọyẹ́, wọ́n á ní Ọláìtán ló gun òrùlé lọ da omi. Ó ní bí kọ̀ǹpútà òun kò bá wọlé kí òun tó ti ìrun Jímọ̀ dé, kí n lọ wáṣẹ́ sí gáréèjì Kuto, pé wọ́n ń wá aláwàdà níbẹ̀. Èmi tí mo ní ìyàwó, tí mo ní ọmọ, tí mo sì ní ìyá ìyàwó tó ń jẹun bí ẹni pé wọ́n ti fagi lé ọ̀la.

Wọ́n pe Ẹnjiníà Olújìmí, ọmọ àdúgbò wa tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà l'Ékòó. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kì í ṣe eré ẹnikẹ́ni, pé báyìí ni àwọn tuntun ṣe ń ṣe. Nínú kí a pa orúkọ àtijọ́ rẹ́ nínú sẹ́fà tàbí kí a fún tuntun ní orúkọ mìíràn, ọ̀kan ni ká mú. Mo ní kó lọ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún Alhaja. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà bí ẹni tí wọ́n kọ iṣẹ́ sílẹ̀ fún níbẹ̀.

Alhaja dé láti mọ́ṣáláṣí, tẹ̀súbáà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Olújìmí rọra ṣàlàyé, ohùn rẹ̀ kéré ju ti ẹ̀fọn lọ.

Alhaja ní, "Kí ẹ pa orúkọ mi rẹ́? Èyí tí Alhaji fọwọ́ ara wọn kọ? Ṣé mo ti kú ni?"

Olújìmí sáré ní ìyẹn kọ́, pé a kàn lè pe tuntun ní Ṣùkúrátù Kejì. Mo fọwọ́ bojú. Alhaja wò ó láti orí dé bàtà.

"Alhaji ò fẹ́ ìyàwó kejì títí wọ́n fi kú. Ìwọ wá fẹ́ fẹ́ ọ̀kan fún wọn nínú kọ̀ǹpútà."

Lubabah wọ abẹ́ tábìlì, ó ní òun ń wá bírò. Mo ní bóyá kí ti àtijọ́ kúkú máa jẹ́ Lubabah, ó ti abẹ́ tábìlì dáhùn pé òun ò sí níbẹ̀. Olújìmí gbé báàgì rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ó di èmi nìkan.

"Ọláìtán," Alhaja ní, "lọ kó ẹrù ẹ."

Ojú mi ṣú. Ṣé ẹ mọ̀ pé n kò jí nǹkan, n kò ba nǹkan jẹ́, orúkọ ni kọ̀ǹpútà méjì ń jà sí, èmi ni wọ́n ń lé. Mo ní bí mo bá máa lọ, màá sọ̀rọ̀ kan tí ilé yìí ò ní gbàgbé.

"Alhaja, ta ló mọ orúkọ màmá yín ní Ìtòkú yìí?"

"Kí ni ìyẹn jẹ́?"

"Ìyá Ṣùkúrátù ni gbogbo ayé ń pè wọ́n títí wọ́n fi lọ. Nígbà tí wọ́n bí yín, ta ló pa orúkọ wọn rẹ́? Kò sẹ́ni tó pa á rẹ́. Wọ́n bímọ ni, orúkọ ọmọ bo tiwọn mọ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí Alhaji sọ lórúkọ náà ti bímọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa jẹ́ Ṣùkúrátù, kí òun máa jẹ́ Ìyá Ṣùkúrátù, kí n ráyè lọ sílé mi."

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́, èébú ni mo fi ṣe. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ibi tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn wà gan-an ni ìyá yẹn ti ń rẹ aró kí Alhaja tó kọ́lé síbẹ̀. Alhaja ń yí tẹ̀súbáà.

"Ummulkulthum lorúkọ wọn," ó ní. "Èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé."

Ó wá kọjú sí Olújìmí tí kò tíì jáde lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kó sọ báàgì kalẹ̀. Olújìmí yí orúkọ ti àtijọ́ padà, ó pa á, ó tún tàn án. Ẹ̀rọ náà kérora bí àgbàlagbà tó ń dìde lórí ẹní, ó padà sí agbo ilé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ṣùkúrátù. Orúkọ Ṣùkúrátù wá ṣófo. Tuntun bèèrè, baálé gbà á, ó ní káàbọ̀. Alhaja rí gbogbo àdìrẹ rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ó nu ojú, ó ní Ọlọ́run á túbọ̀ fún Ẹnjiníà lọ́gbọ́n.

Ẹnjiníà o. Èmi, ó ní kí n lọ tan jẹnẹrétọ̀.

Mo gbà. Iṣẹ́ mi kò bọ́, kò burú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀rọ ọ̀dọ̀ Lubabah kọ̀, kò tàn. Gbogbo wa la mọ oògùn rẹ̀: ìgbájú kan gbòógì lórí. Mo gbọ́wọ́ sókè báyìí, Alhaja yọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta lo fẹ́ gbá lórí?"

Láti ìgbà náà lòfin ti dé. A ò gbọdọ̀ gbé ife tíì lé e mọ́. A ò gbọdọ̀ nà án. Ẹni tó bá fẹ́ tàn án láàárọ̀ gbọ́dọ̀ kí i. Èmi Ọláìtán, tí mo ti gbá ẹ̀rọ yẹn létí ju iye ìgbà tí ọ̀kadà ti fun fèrè ní Ìtòkú lọ, mo ṣí fìlà lójú Lubabah, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà.

"Ẹ káàárọ̀ mà, Ìyá Ṣùkúrátù. Ẹ jọ̀ọ́ mà."

Ohun tó ń bí mi nínú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ó tàn.